Ìdajì Hóró Oògùn

Gbogbo àdúgbò ló ń pe ọkọ mi ní Ìdajì. Bó bá mu omi, á ṣẹ́ ìdajì kù fún mi. Bó bá ra ọsàn kan ṣoṣo, ọ̀bẹ ló máa kọ́kọ́ wá. Káfíńtà ni, ó sì máa ń fi àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé àga tí kò bá gba tọkọtaya, àpótí lásán ni.

Ìfun rẹ̀ ló lọ́ mọ́ra wọn, ni wọ́n bá la ikùn rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Nígbà tó jí, nọ́ọ̀sì kan tí kì í rẹ́rìn-ín gbé ife kékeré kan lé e lọ́wọ́, hóró oògùn kan wà nínú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbé e mì."

"Kò tíì dùn mí, nọ́ọ̀sì."

"Ìdí tí mo fi gbé e wá nìyẹn. Olójú jíjìn, òkèèrè ló ti ń mẹ́kún sun. A ò ní jẹ́ kí ìrora dé ká tó máa lé e. Tó bá dùn yín, ẹ ò ní lè mí kanlẹ̀, ẹ ò ní lè wúkọ́, ẹ ò ní lè dìde rìn. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á wá jókòó sáyà yín, ìyẹn sì lè pa èèyàn."

Ọkọ mi ní òun ti gbọ́. Ọ̀tọ̀ ni gbígbọ́, ọ̀tọ̀ ni gbígbà.

Orí àga onírin lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mò ń sùn. Orúnkún mi, tó ti ń yọ mí lẹ́nu tipẹ́, rí àga yẹn fi ṣe àwáwí. Mi ò ráhùn sí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọkọ mi rí bí mo ṣe ń di ògiri mú lọ sí ilé ìwẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó nawọ́ sí mi, ìdajì hóró oògùn funfun wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì ní kí n fún ẹ, fún orúnkún."

Mo gbé e mì. Ká má purọ́, ó ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà, bí nọ́ọ̀sì bá ti kẹ̀yìn ni tèmi náà ń dé. Mò ń rìn kiri wọ́ọ̀dù bí ọmọge, mò ń bá àwọn aláìsàn tó kù ṣàwàdà. Inú ọkọ mi ń dùn bó ṣe ń wò mí, ṣùgbọ́n kì í rẹ́rìn-ín, torí ẹ̀rín ń fa ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kó wúkọ́, ó fọwọ́ di ikùn, ó ní ó di ọ̀la. Wọ́n ní kó dìde, ó ní oorun ń kun òun. Mo tiẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé odindi káfíńtà ń sá fún ikọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ara rẹ̀ gbóná, ó sì ń mí lókè lókè. Bí nọ́ọ̀sì ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ṣeun fún oògùn orúnkún mi. Ọlọ́run á bá yín wo àwọn ọmọ yín."

"Oògùn orúnkún wo, màmá?"

Ọkọ mi kọjú sí ògiri. Nọ́ọ̀sì wò mí, ó wò ó, ó sì sáré lọ pe dókítà.

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ìrora náà lọ, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ti kún. Inú bí mi dé góńgó.

"Ta ló bẹ̀ yín?" ni mo bi í. "Ṣé mo ní ó ń dùn mí ni?"

"Mo rí i." Ọ̀rọ̀ ń já lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Tèmi ṣeé fara dà."

Títí dòní làwọn èèyàn ń sọ fún mi pé àìsàn ló ṣeé wò, a ò rí tọlọ́jọ́ ṣe. Irọ́ ni. A rí i ṣe. Ọkọ mi ló pín oògùn náà.

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, orúnkún mi ti tún ń jó mi bí iná. Ike atẹ́gùn bo ọkọ mi nímú àti lẹ́nu. Ó yíjú sí mi.

"Orúnkún ńkọ́?"

"Kò dùn mí mọ́."

Mo dìde, mo rìn dé ojú fèrèsé, mo tún rìn padà, mi ò di nǹkan kan mú. Ó ń wo ẹsẹ̀ mi títí mo fi jókòó.

"Mo mọ̀ pé á ṣiṣẹ́," ló wí. Kò tún bá mi sọ nǹkan kan mọ́ kó tó kú.