Ìròyìn Tó Ṣáájú Bàbá Bàrákàt Dé Ilé-Ìwé

Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró fẹ́ràn òfin ju oúnjẹ lọ. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ní ilé-ìwé girama kan lẹ́yìn Abúlé Ẹ̀gbá, ó sì ti lẹ òfin mọ́ ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ǹpútà débi pé èèyàn kò rí ọ̀dà ara ilẹ̀kùn mọ́. Ẹ má jẹun níbí. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní páásìwọ́ọ̀dù yín. Ẹ má ṣí Facebook. Ẹ má gbé àwòrán ẹni tí kò fún yín láṣẹ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kí o tó dìde, ti ohun tí o ṣí pa. Àwọn ọmọ ti kà á títí ó fi di orin lẹ́nu wọn. Ohun tó bá sì ti di orin, ta ló tún ń ro ìtumọ̀ rẹ̀?

Hàmdálàt mọ gbogbo rẹ̀ sórí. Ọmọ náà gbọ́n, àmọ́ ojú rẹ̀ kì í gbé ibì kan. Òun àti Bàrákàt, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló jọ ń lo kọ̀ǹpútà kan, nítorí kọ̀ǹpútà kò kárí. Iṣẹ́ tí tíṣà fún wọn lórí omi ẹ̀gbin àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Bàrákàt fi ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Bó ṣe jáde báyìí, Hàmdálàt wẹ̀yìn, kò rí tíṣà, ó bá ṣí Facebook. Kí ló ń wá níbẹ̀? Àwòrán tó yà lọ́jọ́ Iléyá ni. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá Abdulqoyum àdúgbò wọn ti sọ nǹkan kan sí i. Abdulqoyum kò sọ nǹkan kan.

Ìyá Bàrákàt ló rí níbẹ̀. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó fi tépù ìránṣọ kọ́rùn bó ṣe máa ń fi kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ágége. Muhydeen, àbúrò obìnrin náà tó ń ta fóònù l'Ópébi, ló gbé e síbẹ̀, tó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Inná lílláhì. Ẹ̀gbọ́n mi, ikú dóró. Sùn re o, Ìyá Bàrákàt."

Gbogbo wọn mọ̀ pé ara obìnrin náà kò yá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé e dé ọsibítù. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí gan-an, Bàrákàt ń yọ̀ pé ìyá òun ti lè dìde jókòó. Hàmdálàt tún wo àwòrán yẹn. Obìnrin tó rán yúnífọ́ọ̀mù tó wà lọ́rùn rẹ̀ nìyẹn, tó máa ń pè é ní ìyàwó mi.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti ọwọ́ tó ń tẹ fóònù tún wá burú ju tẹnu lọ láyé yìí. Òkú kò tíì tutù, Muhydeen ti sáré gbé e sójú ayé, bí ẹni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ ké ni wọ́n máa fún lẹ́bùn. A kì í dédé túfọ̀ ìyá fún ọmọ. Àgbà là ń rán. Wọ́n á fi ọmọ jókòó, wọ́n á fún un lómi mu, wọ́n á máa fi ọ̀rọ̀ yí ọ̀rọ̀ ká títí ọmọ fúnra rẹ̀ á fi fura, ọwọ́ á sì ti wà nílẹ̀ tó máa dì í mú. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Hàmdálàt mọ èyí, bí wọ́n ṣe ṣe é nílé wọn nìyẹn nígbà tí bàbá wọn àgbà kú l'Ógbómọ̀ṣọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀: Bàrákàt kò gbọdọ̀ tibí gbọ́ ọ. Ó fò dìde, ó sáré lọ bá tíṣà ní ọ́fíìsì.

Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró ń mu gààrí lọ́wọ́. Hàmdálàt sọ ọ́ tán, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu tíṣà ni pé, "Ta ló ní kó o ṣí Facebook?" Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohun tí ọmọ náà sọ gan-an, ó bá gbé gààrí sílẹ̀. Ó pe bàbá Bàrákàt. Bàbá náà ní òun ti ń bọ̀, òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ òun gbọ́. Òun fẹ́ mú un délé kí ìyá òun àti ààfáà tó bá a sọ̀rọ̀.

"Padà síbẹ̀," tíṣà ní. "Bá a ṣeré. Má jẹ́ kó rí i lójú ẹ." Ó tún wá wò ó. "Hàmdálàt, ṣó o ti ohun tó o ṣí pa?"

Hàmdálàt kò tì í. Ó sáré padà.

Bàrákàt ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ wọn lórí omi ẹ̀gbin ló wà lójú rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

"O ò ti Facebook ẹ pa," ó ní, kò gbójú sókè. "Mo ti bá ẹ tì í kí tíṣà má baà nà ẹ́."

"Ṣé ó pẹ́ tó o ti dé?"

"Rárá."

Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Hàmdálàt jókòó tì í, ó ń wo ìka rẹ̀. Ìka náà kò gbọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀ pé kó jẹ́ pé Bàrákàt kò wo ojú ewé yẹn, kó jẹ́ pé ó kàn tì í pa ni. Ó bẹ Ọlọ́run títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Bàbá Bàrákàt wọlé. Nùréènì Àjíṣọlá lorúkọ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá l'Óregun ló ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti ṣi bọ́tìnnì dè. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà burú ju ẹkún lọ.

"Bàrákàt, mọ́mì ẹ ní kí n wá mú ẹ. Ara wọn ti ń yá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ẹ."

Bàrákàt kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé wọ́n ti lè jẹun?"

Bàbá ní, "Wọ́n mu kókó."

"Àlàmùdù lílláhì."

Ó dìde, ó padà wá gbé báàgì rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń wá bírò nílẹ̀, ó sún mọ́ etí Hàmdálàt.

"Má sọ fún bàbá mi pé mo ti mọ̀," ó ní. "Ṣó o rí bí wọ́n ṣe ń gbìyànjú? Jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn sọ ọ́ fún mi."

Omi bọ́ sílẹ̀ lójú Hàmdálàt. Bàrákàt fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún fún un kíákíá, kí bàbá tó wo ọ̀dọ̀ wọn. Ìgbà yẹn ni Hàmdálàt mọ bí ọwọ́ ọmọ náà ṣe tutù tó.

Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà kí bàbá tó bojú wẹ̀yìn. "Hàmdálàt, bá wa ṣàdúà o, kára mọ́mì yín tètè yá."

Bàrákàt dúró lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó ń wo Hàmdálàt, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́.

Hàmdálàt kúnlẹ̀. "Àmín, sà," ó ní. "Ẹ bá mi kí wọn."