Ẹ́ńjìnnì Kò Kú

Ọ̀gá Báyọ̀dé ló sọ pé ẹ́ńjìnnì ti kú. Òun ni àgbà àwọn mẹkáníìkì ní Akowonjo, bó bá sì ti sọ̀rọ̀, kì í sẹ́ni tó ń já a níyàn.

Ọkọ̀ asáré onílẹ̀kùn méjì ni ọkọ̀ ọ̀hún, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Agnes jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ tó ṣaláìsí. Bó bá bọ́ sí kòtò, á dún gbọ̀n níwájú; Báyọ̀dé ní ẹ́ńjìnnì ló ń dún bẹ́ẹ̀. Kò lè sáré mọ́, èéfín sì ń wọnú rẹ̀ débi pé orí ń fọ́ ẹni tó bá ń wà á. Ebenezer, ẹ̀gbọ́n ọkọ Agnes, ti wá ẹni tó máa rà á bí àjákù irin.

Agnes ò gbà. Ó rọra wà á lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì Hàbíbátù ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe. Ebenezer gbọ́, òun àti Báyọ̀dé sì tọ̀ wọ́n wá síbẹ̀.

"Ta ló ní kó o gbé ọkọ̀ yìí wá síbí?" Ebenezer bi í.

"Kò sẹ́ni tó rán mi, bọ̀dá mi. Ọkọ̀ mi ni."

Hàbíbátù ò dá sí wọn. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ imú ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀. Gbọ̀n. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Gbọ̀n.

"Ọ̀gá, ẹ ní ẹ́ńjìnnì ló ń dún," ó wí fún Báyọ̀dé. "Mo ti pa á. Kí ló wá ń dún?"

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?"

"Rárá o, sà. Ẹ ṣáà dá mi lóhùn."

Hàbíbátù fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì fi irin gígùn ti apá tó di táyà mú. Ó mì jọ̀gẹ̀jọ̀gẹ̀. Rọ́bà tó yẹ kó wà níbẹ̀ ti já pátápátá, irin wá ń na irin.

Ó ní kí Agnes ṣáná sí ọkọ̀. Èémí tó ń jáde nídìí páìpù èéfín kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ojú ibi tí wọ́n ti so páìpù pọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ ń sín ṣìì. Ibẹ̀ ni èéfín ń gbà wọlé. Hàbíbátù tú sàlẹ́ńsà, agolo irin tó ń dín ariwo ẹ́ńjìnnì kù, kúrò.

"Mọ́mì, ẹ tẹ iná sí i."

Ọkọ̀ bú ramúramù, gbogbo àdúgbò yíjú wò ó. Hàbíbátù gbọn sàlẹ́ńsà, ìpẹ́pẹ́ irin tó ti dógùn-ún sì dà sílẹ̀.

"Inú eléyìí ló wó, ló dí i lọ́nà èémí. Bí wọ́n bá dí ẹ̀yin náà nímú, ọ̀gá, ẹ ò ní lè sáré."

Ebenezer kọjú sí Agnes. "Mo ti ṣèlérí fún ẹni tó fẹ́ rà á."

Agnes kò gbójú kúrò lára rẹ̀. "Ẹ padà lọ bá a, sà. Ẹ sọ fún un pé ẹni tó ni ín ò tíì kú."

Ọjọ́ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Agnes wọ sùtánà funfun, ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ iná sí ọkọ̀, ó sì wà á dé ẹnu géètì ìjọ wọn, níbi tí Ebenezer dúró sí. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó dìde, ó sì wọlé lọ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́.