Àpótí Kédárì Kan ní Ìsàlẹ̀ Gángan

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará ọ̀nà, ẹ fìdí lélẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ń jẹ iṣu sísun kó rọra máa jẹ ẹ́. Ẹni tí oorun ń kùn kó kọ́kọ́ gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ná. Ìtàn àpótí kan ni mo fẹ́ sọ fún yín. Kì í ṣe àpótí tí a ń jókòó lé nídìí ààrò o. Èyí tí mo ń wí yìí, bí wọ́n bá ṣí i, gbogbo ilé ló ń ta sánsán, bí ẹni pé igbó ọ̀nà jíjìn dìde wá kí wọn.

Ní abúlé tí wọ́n bí mi sí, inú igbá ńlá onídèérí ni ìyá wa ń kó aṣọ sí. Kí ọdún tó yí po, kòkòrò á ti gba ìdá tirẹ̀. A ó ní, "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà," a ó sì gba f'Ọ́lọ́run. N kò mọ̀ pé igi kan wà láyé tí kòkòrò ń sá fún, àfi ìgbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ Ìbídùn.

Ìbídùn yìí, ọmọ Èkìtì ni, aránṣọ sì ni. Ní ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí wọ́n pa pọ́n-ùn tì, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà, Ìsàlẹ̀ Gángan l'Ékòó ni òun àti Ọláníyì ọkọ rẹ̀ ń gbé nínú yàrá kan, tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ ti kú ní ọdún méjì ṣáájú. Aṣọ méjì ni ìyá fi sílẹ̀ fún un: àlàárì kan, sányán kan. Sányán yẹn, ìyá fúnra rẹ̀ ló ran òwú rẹ̀, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Ọdún mẹ́ta ló fi ran án kó tó gbé e fún ahunṣọ. Ìbídùn kì í wọ̀ ọ́. Inú àpótí onípáánù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń tọ́jú aṣọ méjèèjì sí.

Lọ́jọ́ kan tí òjò dá, ó fa àpótí yọ pé kí òun sá àwọn aṣọ náà. Ó na àlàárì sókè, ó rí oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá. Aṣọ ti di ajere! Ó sáré gbé sányán. Ihò kan ṣoṣo ló wà létí rẹ̀, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Kòkòrò ti jẹ oúnjẹ àárọ̀ tán, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan tọ̀sán ni.

Ìbídùn bú sẹ́kún. Ọláníyì jáde síta.

"Ìyá Títí, fọkàn balẹ̀. Lọ ra káfúrà."

"Káfúrà wo, Bàbá Títí? Ṣé èyí tí mo rà ní ọjà Jankara, tí kòkòrò ń fi ṣe ìrọ̀rí?"

Mọ̀núrù káfíńtà, tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tiwọn, ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé ayùn kalẹ̀. Ó ní, "Ìyá Títí, ẹ nu ojú yín. Ohun tí ẹ ń wá wà lẹ́yìn ògiri tí ẹ fara tì yẹn. Àlàájà Àsíátù ní àpótí kan nínú agbo ilé wọn. Bàbá bàbá wọn ló ní kí káfíńtà Àgùdà kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ti Bùràsíìlì padà wálé, ṣe é. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò gbọ́ ọ rí pé kòkòrò jẹ aṣọ kan nínú rẹ̀."

"Ṣé wọ́n ń tà á ni?"

"Wọ́n ń tà á, wọn ò sì tà á. Ọmọ wọn fẹ́ kó wọn lọ sí Súrùlérè, sínú fúláàtì tí àpótí náà ò lè gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ti wá rà á ni wọ́n ti lé lọ."

Ìbídùn di sányán sínú ìdì kékeré, ó gbé e mọ́yà, ó tẹ̀ lé Mọ̀núrù.

Orí ẹní ni wọ́n ti bá Àlàájà, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó wé láwàní funfun, tí tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbídùn kúnlẹ̀ kí i. Àlàájà wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ náà fẹ́ ra àpótí. Kí lo fẹ́ kó sí i? Òyìnbó kan wá, ó ní ìgò ọtí lòun fẹ́ tò sí i. Nínú àpótí bàbá bàbá mi! Ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì, ó ní tẹlifíṣàn lòun fẹ́ gbé lé e lórí. Mo ní kó lọ gbé tẹlifíṣàn lé ìyàwó rẹ̀ lórí."

Mọ̀núrù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ìbídùn ò rẹ́rìn-ín. Ó tú ìdì, ó tẹ́ sányán sórí ẹní. Àlàájà fi tẹ̀sùbáà sílẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò pa aṣọ náà lára, ó gbé e súnmọ́ ojú.

"Ta ló ran òwú yìí?"

"Ìyá mi ni, mà. Wọ́n ti lọ."

Àlàájà tún fọwọ́ pa á. "Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n," ó wí. "Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n rárá. Ọlọ́run á kẹ́ ẹ."

Ó dìde, ó sì mú wọn wọ yàrá inú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú tó bá rí òkun kì í ka ọ̀sà sí. Láti ọjọ́ náà ni Ìbídùn ò ti ka àpótí mìíràn sí mọ́. Ẹ̀yìn àpótí Àlàájà pọ́n, ó dúdú díẹ̀, ó ń dán bí obì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Idẹ ni wọ́n fi di etí rẹ̀. Ó gùn tó kí àgbàlagbà sùn sínú rẹ̀ láìká ẹsẹ̀ kò. Mọ̀núrù lọ bẹ̀rẹ̀ síbi igun rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kírun.

"Ìyá Títí, ẹ wo ibí. Ẹ wá ìṣó kan ṣoṣo kí ẹ fi hàn mí! Igi bọ inú igi bí ìka ọwọ́ méjì tó di ara wọn mú. Ó ju ọgọ́rin ọdún lọ, abẹ́rẹ́ ò gba àárín wọn kọjá. Èmi tí mo ń kan ìṣó mọ́ gbogbo nǹkan, ojú ń tì mí."

"Kó tì ọ́," ni Àlàájà wí. "Bẹ́ẹ̀dì tó o kàn fún mi ń ké ju ewúrẹ́ lọ."

Ó ṣí ọmọrí. Òórùn náà sì jáde. Ìbídùn ní kò jọ lọ́fínńdà, kò jọ tùràrí. Ó dà bí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là lówùúrọ̀, tí ata díẹ̀ àti oyin díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

"Igi olóòórùn là ń pè é nílé yìí," Àlàájà wí. "Ọkọ̀ òkun ló gbé e wá láti Bùràsíìlì. Pásítọ̀ kan tó wá kí wa ló ní kédárì ni."

"Kédárì! Ṣé irú èyí tí Sólómọ́nì fi kọ́ tẹ́ńpìlì, mà?"

"Sólómọ́nì tìrẹ, Ànọ́bì Sùlémáánà tèmi. Igi kan náà ni wọ́n gé."

Nígbà tí ó kan iye owó, Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Àlàájà gbọwọ́ sókè. "Ohun tí apá rẹ bá ká ni kó o mú wá. Tí mo bá ń wá owó, òyìnbó ò bá ti gbé e lọ. Ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún."

Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé àpótí náà gba àárín Ìsàlẹ̀ Gángan kọjá, tí Ìbídùn ń bá wọn rìn, tí ó gbé ọwọ́ lé e bí ẹni ń mú ìyàwó relé ọkọ. Ará àdúgbò dà wá. Wọ́n ń fi imú fà á. Ìyá kan ní òun lè sùn sínú rẹ̀. Ìbídùn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, sányán ló kọ́kọ́ wà lórí ìlà."

Ibi tí ẹsẹ̀ ti yọ̀ nìyí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílé tiwa lókè ọ̀hún, igi tí a kò bá fi òróró pa, yálà kó sán tàbí kí ikán jẹ ẹ́. Odó ń gba òróró, ilẹ̀kùn ń gbà á, àga bàbá ń gbà á. Ìbídùn wo ẹ̀yìn àpótí, ó ń dán. Ó wo inú rẹ̀, ó gbẹ, ó funfun bí gìgísẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó ra àdín, ó yọ́ ọ, ó fi pa inú àpótí láti òkè délẹ̀ títí igi fi mu àmuyó. Bó ti ń tàn, bẹ́ẹ̀ ni inú obìnrin yìí ń dùn. Ó fi aṣọ funfun wé sányán, ó tẹ́ ẹ síbẹ̀, ó pa á dé. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó ṣí i. Kò gbọ́ òórùn igi. Àdín nìkan ló gbọ́, bíi ti ara ọmọ tuntun. Aṣọ funfun náà ti mu òróró, ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Lábẹ́ ọmọrí, kòkòrò abìyẹ́ kékeré kan jókòó, ó ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ bí onílé.

Ìbídùn kígbe. Ó fa sányán yọ, ó tú u. Òróró ò tíì dé ara rẹ̀. Ó kù díẹ̀.

Mọ̀núrù sáré dé, ó gbọ́ òórùn, ó káwọ́ lérí. "Àdín! Ìyá Títí, ṣé ẹ bí i ni?"

"Bùrọ̀dá Mọ̀núrù, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ẹ bá mi tún un ṣe, kí sányán ìyá mi má bàa ṣòfò."

"N kò ní fọwọ́ kàn án tí Àlàájà ò bá mọ̀."

Ìyẹn gan-an ló ń ba Ìbídùn lẹ́rù. Bí Àlàájà bá ní kó dá àpótí padà ńkọ́? Inú páánù ni sányán ń padà sí yẹn, ọ̀dọ̀ kòkòrò. Síbẹ̀ ó lọ, ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́, kò fi ẹyọ kan pamọ́.

Àlàájà mú ọ̀pá, ó tẹ̀ lé e délé, ó ti orí bọ inú àpótí. Nígbà tí ó gbé orí jáde, ó mí kanlẹ̀.

"Ọmọ Èkìtì, o bọ́ ẹni tí ebi ò pa. Igi yìí ń mí ni. Inú tó o rí tó gbẹ yẹn, imú rẹ̀ nìyẹn. O sì fi òróró dí i. Àwa ò fi nǹkan kan pa á rí ju àkísà gbígbẹ lọ."

"Ẹ má bínú, mà. Mo rò pé mo ń tọ́jú rẹ̀ ni."

"Mo mọ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Dìde. N kò gba àpótí lọ́wọ́ ẹni tó lè jẹ́wọ́. Mọ̀núrù, ó yá!"

Wọ́n da eérú gbígbóná sínú rẹ̀, wọ́n fi í sínú oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta kí eérú fa òróró. Lẹ́yìn náà Mọ̀núrù fi àfọ́kù ìgò ha á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n àmì àfọ́kù hàn lára igi. Mọ̀núrù fa sáńpépà yọ, Àlàájà sì figbe ta: "Irú èyí tó o fi ń bó páákó? O fẹ́ fi bó o lára ni?"

Ìbídùn rántí ilé. "Ewé ìpín ńkọ́, mà? Òun la fi ń dán igbá. Ó le, ṣùgbọ́n ó mọ èèyàn án bá lò."

Wọ́n rí i rà lọ́dọ̀ àwọn eléwé ní Jankara. Ìbídùn fọwọ́ ara rẹ̀ pa igi náà, ewé kan lẹ́yìn òmíràn, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń fi ẹ̀sọ̀ ṣe é. Ó pa iṣẹ́ ìránṣọ tì. Ní ọjọ́ kejì, kò sí òórùn. Ní ọjọ́ kẹta, Àlàájà tó jókòó tì í gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró ná."

Òórùn náà kọ́kọ́ wá fírí, bí ẹni tó yọjú lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó tún padà. Lẹ́yìn náà ó jáde pátápátá: igi líla, ata, oyin. Mọ̀núrù ṣí fìlà. Àlàájà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó ti ń mí."

Sányán wọlé padà. Òjò ọdún náà rọ̀ títí, ògiri Ìsàlẹ̀ Gángan hu ewú. Nígbà tí ọ̀wààrà dá, Ìbídùn ṣí àpótí, ó na aṣọ náà sí oòrùn, ó fi ojú tọ fọ́nrán lọ́kọ̀ọ̀kan. Ihò àtijọ́ yẹn nìkan ló wà níbẹ̀, kò ní ọmọ, kò ní àbúrò. Ó ró o mọ́dìí fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó sì rìn jáde sí òpópónà. Wọ́n ní òórùn igi náà ń tẹ̀ lé e.

Ẹnu Rónkẹ́, àbúrò ìyá mi tó kọ́ṣẹ́ aṣọ lọ́dọ̀ Ìbídùn, ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ní ojú òun ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá rí àlébù níbẹ̀, Rónkẹ́ ni kó lọ bi. Bó ṣe fi lé mi lọ́wọ́ ni mo ṣe fi lé yín lọ́wọ́.