Ẹsẹ̀ Tí Kò Sá

Eruku funfun bà lé ewé kókò, ó bà lé òrùlé, ó bà lé ìpéǹpéjú rẹ, ọmọ mi. O kò ṣẹ́jú.

O dúró láàárín ọ̀nà kúárì ní Ìdí-Àpáta, ìwọ nìkan. Àwọn obìnrin tó bá ọ jókòó dí ọ̀nà láti àárọ̀ ti fọ́n ká nígbà tí àwọn ọlọ́pàá yin tajútajú. Típà ń bọ̀ látorí òkè, ó kún fún òkúta, fèrè rẹ̀ ń ké. Típà ru ẹrù. Èmi tí mo dúró létí kòtò, mo ru ẹ̀rù.

Ọmọ mi, sá.

Ìwọ tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́sẹ̀ ehoro. Ìwọ tí o sáré nílẹ̀ òkèèrè títí àwọn tí kò gbọ́ èdè wa fi ń pariwo orúkọ rẹ. Lónìí ni mo mọ̀ pé sísáré yàtọ̀ sí sísá. O mọ eré í sá, o kò mọ bí a ti ń sá fún ènìyàn.

Òkúta kan ló mú ọ wálé. Ó fò láti kúárì, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀tù fọ́ àpáta, ó já wọ ilé Ìyá Ọláìítán, aládùúgbò wa, ó bá a níbi tó ti ń sẹ́ ògì. Òkúta sọ ọ́ di òkú. Kò sí ẹni tó bi ilé-iṣẹ́ tó ni kúárì léèrè. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀tù tún dún.

O kúrò ní kámpù àwọn eléré ìje, o pa ìdíje tì, o ní o kò ní sáré mọ́ títí wọn yóò fi kó ẹ̀tù wọn kúrò lórí wa. Mo bínú. Mo ní kí ló kàn ọ́. Ìyá Ọláìítán yìí ló jẹ wọ ààlà oko mi. Mi ò kí i títí ó fi kú, mi ò sì dé ibi ìsìnkú rẹ̀.

O wò mí lójú. "Bàámi, òkúta kì í bèèrè ẹni tẹ́ ẹ̀ ń bá jà kó tó já lu ilé."

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti pè ọ́. Mo ń jẹ oúnjẹ tí o sè, mo ń kọjú sí ògiri. Bí mo bá fẹ́ omi, ìyá rẹ ni mo ń rán sí ọ. Bí mo bá di ọ̀rọ̀ sínú, ó ń pẹ́ kó tó tú.

Ṣùgbọ́n fèrè ń ké. Ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ bàtà mi. Ọlọ́pàá kan ti gbé ìbọn sọ́wọ́. Bí mo bá ní kí o sá, o kò ní sá. Alágídí ni ọ́, mo sì mọ ẹni tó bí ọ.

Mo pe oríkì rẹ. Mo pè é kí o lè yà kúrò lọ́nà, kí o wá bá mi.

"Àbẹ̀ní!"

Háà, kí ni mo ṣe yìí? Mo gbàgbé bí ìyá rẹ ti kọ́ ọ. Mo gbàgbé pé ọmọ tí baba bá pe oríkì rẹ̀, ìkúnlẹ̀ ló fi ń jẹ́ ẹ. O gbọ́. O yíjú sí mi. O kúnlẹ̀.

O kúnlẹ̀ láàárín ọ̀nà, nínú eruku, o kéré bí àdàbà, dẹ́rẹ́bà tó wà lókè lọ́hùn-ún kò sì lè rí ọ mọ́.

Èmi tí mi ò sáré fún ẹnikẹ́ni rí, mo ń sáré. Orúnkún mi ń ké. Mi ò wo ìbọn. Mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, mo dúró síwájú rẹ, mo di ojú. Bíréèkì han gooro. Òkúta ń yí lu ara wọn nínú típà. Oru ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ sí mi láyà.

Ó dúró.

Kò tíì pa ẹ́ńjìnnì. Ó ń kùn bí ẹranko tó ń ro ohun tí yóò ṣe. O ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn mi, ò ń retí kí n ní kí o dìde, èmi kò sì lè bojú wẹ̀yìn. Mo tún pè ọ́. Àpáta tí wọ́n ti fọ́ dé ìdajì gba orúkọ náà lẹ́nu mi, ó ń pè é tẹ̀ lé mi.

Àbẹ̀ní.

Ẹ̀ní.

Ní.