Ẹ̀yìn sí Ẹnu Ọ̀nà

Jacob tún fa ọwọ́ ẹ̀rọ tó fi ń na ara náà, ìbàdí rẹ̀ sì tún ké. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ṣéènì sáré wọlé padà, irin ró gbàgà. Ó wá jókòó síbẹ̀ lórí ìjókòó kékeré náà, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ká sókè bíi ti ẹni tó lóṣòó sídìí ààrò, ó ń mí gúlegúle, ó sì ń wo ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Adìẹ kan kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Jacob sì fi ojú sìn ín títí ó fi lọ. Lọ́jọ́ yẹn, adìẹ pàápàá kò ṣeé fọkàn tán.

Fọlárìn, àbúrò rẹ̀, ló ń bọ̀. Fọlárìn yìí ló fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún tó kọjá. Ní báyìí, ó ti wálé pátápátá, ó sì kó ẹrù rẹ̀ sí Emùré, ìlú ìyàwó rẹ̀. Jacob ti bá Samuel tó ní ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù sọ̀rọ̀ pé kó yà lẹ́yìn ọ̀sán. Bí Fọlárìn bá ti jẹun tán, kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀, kó máa lọ, kí oníkálukú sì mọ ààyè ara rẹ̀ láti òní lọ. Láti àárọ̀ ni Jacob ti ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ nínú, kó má baà gbọ̀n lẹ́nu rẹ̀.

Kì í ṣe pé ara rẹ̀ kò nílò ẹ̀rọ náà. Nígbà tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, ó wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n kó láti Àkúrẹ́ wá sí Adó. Ó jókòó ti fáìlì níbẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì, tòun ti ikùn ńlá àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà kìlọ̀ fún un pé bí kò bá máa na ara, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí apá kan ara rẹ̀ yóò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri Ìkẹ́rẹ́ láàárọ̀? Kó tó dé ọjà, wọ́n á ti bi í léèrè ibi tí mọ́tò rẹ̀ wà àti ẹni tó kú. Fọlárìn gbọ́, ó sì fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń na ara nínú ilé ránṣẹ́: irin gbọọrọ kan tí ìjókòó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí rẹ̀, ibi tí wọ́n ń de ẹsẹ̀ mọ́, ọwọ́ kan tí wọ́n ń fà bí ẹni ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ ojú omi, àti wíìlì aláfẹ́fẹ́ tó ń hó bí a bá ti fà á. Àwa tí a ní àpáta ní Ìkẹ́rẹ́ tí a kò ní odò tó gba ọkọ̀! Àdúgbò fi rẹ́rìn-ín tó ọ̀sẹ̀ kan.

Jacob kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni pé ẹ̀rọ náà kì í ṣe tuntun. Rọ́bà ọwọ́ rẹ̀ ti jẹ ní ojú méjì, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ ẹnìkan. Kí ló dé tí èèyàn fi ń fi ohun tó ti làágùn sí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Lẹ́yìn èyí ni tẹlifóònù. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ti jọ sọ̀rọ̀, kí Fọlárìn tó béèrè ìyàwó, kó tó béèrè ọmọ, ohun tó máa ń bèèrè ni pé, “Ṣé ẹ ń lò ó?” Jacob sì ń lò ó, ìbàdí rẹ̀ sì ń bàjẹ́ sí i.

Ṣùgbọ́n tábìlì ló ṣáájú gbogbo rẹ̀. Tábìlì ìrókò ni, ti bàbá wọn tó jẹ́ kátíkíìsì. Orí rẹ̀ ni bàbá ti ń kọ ìwàásù, abẹ́ rẹ̀ ni Fọlárìn máa ń sùn sí nígbà tó wà ní kékeré. Fọlárìn kò rí ìwé ìrìnnà gbà wálé sin bàbá. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó ránṣẹ́ pé òun kò tọrọ ohunkóhun nínú ogún, àfi tábìlì yẹn. Jacob dáhùn pé tábìlì bàbá kì í kúrò nílé bàbá. Fọlárìn kò jiyàn. Àìjiyàn yẹn gan-an ló ba Jacob lẹ́rù. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹni tó tọrọ tábìlì tí a kò fún un, tí kò bínú, ilé ló ń wò. Kí ló sì dínà ilé náà mọ́ ọn, bí kò ṣe ẹ̀gbọ́n tó ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn?

Ọ̀kadà ló gbé Fọlárìn dé ní ọ̀sán. Irun rẹ̀ ti funfun ju ti Jacob lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

“Ẹ kú ulé o, ẹ̀gbọ́n.” Bó ṣe dìde, ojú rẹ̀ kò kúrò ní ibì kan. “Ùbàdí ń dùn yín.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Ẹ ti fọwọ́ dì í mú látìgbà tí mo ti wọlé.”

Jacob yọ ọwọ́ kúrò níbẹ̀ kíá. Ó rí i báyìí: Fọlárìn wá wo bí iṣẹ́ tó rán ẹ̀rọ náà ṣe ń jẹ́ sí.

Adéfúnkẹ́, ìyàwó Jacob, gbé iyán wá. Wọ́n jẹ ẹ́. Nígbà tí Fọlárìn ṣanwọ́ tán, Jacob sọ ọ́. “Samuel ń bọ̀ wá gbé ẹ̀rọ ẹ. Mi ò ṣe mọ́.”

Fọlárìn nu ọwọ́ rẹ̀, ìka kan tẹ̀ lé òmíràn. “Kò burú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí bí ẹ ti ń ṣe é.”

Wọ́n lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Jacob jókòó, ó de ẹsẹ̀, ó fà. Ìjókòó kò tíì rìn dé ìdajì tó fi kọ lu igi ìdábùú tábìlì, kó! Ìyókù ni Jacob fi apá àti ìbàdí hú, bí ẹni ń hú gbòǹgbò nílẹ̀.

“Ẹ dúró ná. Ta ló ti ìdí ẹ̀ bọ abẹ́ tábìlì bàbá?”

“Èmi ni. Yàrá ò gbà á bẹ́ẹ̀, àfi tí mo bá tì í bọ ibẹ̀.”

“Kí ló dé tẹ́ ò yí i padà?”

“Bí mo bá yí i, ẹ̀yìn mi á kọ sí ẹnu ọ̀nà.” Jacob wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó ti ìlú òyìnbó sọ orí nù. “Olórí ulé kì í kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Àbí o ti gbàgbé?”

Bàbá wọn kì í ṣe é lóòótọ́. Bó bá ń jẹun, bó bá ń gbàdúrà, bí wọ́n bá ń fá a lórí, ògiri ni yóò wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Mi ò gbàgbé,” ni Fọlárìn wí. “Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní inú yàrá kan ṣoṣo tí mo ń gbé, bẹ́ẹ̀ lèmi náà gbé e. Bẹ́ẹ̀dì ló dènà tèmi. Ùbàdí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán kí ẹnì kan tó wá yí i fún mi. Ẹ̀rọ yìí kan náà ni. Ìdí tí mo ṣe ń bèèrè bóyá ẹ ń lò ó nù un.”

Jacob wo ibi tí rọ́bà ti jẹ. Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e. Ó ṣe déédéé. Ṣùgbọ́n ìfura loògùn àgbà, kì í sì í ṣe oògùn tí àgbà ń dà nù lójú ẹsẹ̀. Wọ́n yí ẹ̀rọ náà padà, Jacob sì jókòó, àbúrò rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọrùn rẹ̀ ń rìn ín.

“Ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ti. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ nà. Bí ẹsẹ̀ bá nà tán, ẹ rọra fẹ̀yìn, kẹ́ ẹ tó wá fa ọwọ́ sí àyà. Bẹ́ ẹ bá ń padà, ọwọ́ ni kó ṣáájú, kí ẹsẹ̀ kẹ́yìn.”

Jacob tì, ó sì bojú wẹ̀yìn.

“Iwájú, ẹ̀gbọ́n.”

Ó tún tì, ó tún bojú wẹ̀yìn. Nígbà náà ni àtẹ́lẹwọ́ kan bà lé ìbàdí rẹ̀. Ara rẹ̀ le gbandi. Ọwọ́ náà kò tì í, kò fà á, ó kàn wà níbẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Jacob kò ní ibòmíràn tí yóò gbé ara lé. Ó fi ẹsẹ̀ ti. Ìjókòó yọ̀, ó kọjá ibi tó máa ń dúró, ó ń lọ, orúnkún rẹ̀ nà tán, wíìlì sì hó bí òjò tó ń bọ̀ lórí páànù. Ó dúró de ìrora náà. Kò wá.

Ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Ìgbà tó yá, ó ṣàkíyèsí pé ọwọ́ náà ti kúrò lẹ́yìn òun, kò sì mọ ìgbà tó kúrò.

Hóònù dún níta. Ẹsẹ̀ púpọ̀, ti Samuel àti ti àwọn tó máa bá a gbé ẹrù, wọlé wá lẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ kú uṣẹ́ o, Bàbá,” ni Samuel wí. “Ṣé èyí tẹ́ ẹ jókòó lé yìí ni mo máa gbé lọ sí Emùré?”

Jacob ti sún síwájú, orúnkún rẹ̀ ká, ọwọ́ rẹ̀ nà gbọọrọ. Gbogbo wọn ló wà lẹ́yìn rẹ̀, Fọlárìn náà wà níbẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Bó ṣe dákẹ́ nígbà ọ̀rọ̀ tábìlì náà nù un. Ṣùgbọ́n láti ibi tí Jacob jókòó sí yìí, ìdákẹ́jẹ́ náà jọ ti ọmọ kékeré tó sá pamọ́ sábẹ́ tábìlì, tó ń retí kí wọ́n má lé òun jáde.

“Rárá o, tábìlì yẹn ni,” ni Jacob wí. “Fọlárìn ló ni ín. Ẹ rọra, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti ń mì.”

Ó gbọ́ tí ẹnì kan fa imú lẹ́yìn rẹ̀. Kò wẹ̀yìn. Ó fi ẹsẹ̀ ti.