Ìlà Kan Lára Sẹ́ǹtì Bàbà

"Ó sán," ni Harlan Stauffer wí, kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lórí awò tó fi ń sọ nǹkan di ńlá. "Irin òǹtẹ̀ tí wọ́n fi lù ú ló sán. Ọ̀gbẹ́ni Kessler, ẹ jókòó dáadáa o, kí ẹ má lọ ṣubú. Ohun táwọn èèyàn ń fi gbogbo ayé wọn wá ló wà lọ́wọ́ yín yìí."

Duane Kessler ti di ife kọfí rẹ̀ mú láti ìgbà tó ti wọlé, kò mu ún. Ó wá gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, ó sì rẹ́rìn-ín. Inú oko bàbá rẹ̀, lẹ́yìn abà, ló ti hú sẹ́ǹtì náà jáde. Bàbà dúdú pẹlẹbẹ kan ni, ó fẹ̀ ju sẹ́ǹtì òde òní lọ dáadáa, ó sì ti gbó débi pé orí obìnrin tó wà lójú rẹ̀ ti di òjìji lásán. Ọdún tí wọ́n lù ú ti parẹ́ pátápátá.

Ruthanne, ọmọ Harlan, dúró lẹ́yìn àga bàbá rẹ̀ pẹ̀lú àwo páì lọ́wọ́. Kó tó gbé owó náà dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti yẹ̀ ẹ́ wò nínú oòrùn lójú fèrèsé ilé ìdáná, nítorí ẹni tí wọ́n bá tọ́ nínú ilé yìí kò lè rí bàbà kó má yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí òun rí kì í ṣe sísán rárá. Nǹkan ló ha owó náà.

Ọ̀rọ̀ sísán àti híha yìí ló ń da àárín àwa tí à ń kó sẹ́ǹtì àtijọ́ jọ rú jù. Láyé ìgbà náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbẹ́ irin òǹtẹ̀, kò sí méjì tó jọra délẹ̀. Ewé tí wọ́n yà sára tòhún pọ̀ ju ti èkejì lọ, lẹ́tà tibí wọ́. Bí owó bá ṣì mọ́, ọmọdé á mọ irin tó lù ú. Ṣùgbọ́n bí owó bá ti gbó, ó lè jẹ́ ìlà kan ṣoṣo ni ẹ̀rí tó kù. Bí irin bá sán, bàbà á wọ ibi tó sán, ìlà á sì yọ sókè lára owó. Bí ohun ìtúlẹ̀ bá ha owó, ìlà á jìn wọnú. Èyí tó yọ lè jẹ́ ìṣúra, bó bá fi hàn pé irin tí owó rẹ̀ ṣọ̀wọ́n ló lù ú; èyí tó jìn jẹ́ àpá lásán. Ẹni tí kò mọ̀ wá á ní orí wa kò pé, èmi ò sì ní bá a jiyàn.

Tí àríyànjiyàn bá le láàárín wa, ohun tó máa ń parí rẹ̀ ni pé, "Harlan ti rí i." Bẹ́ẹ̀ ló rí láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí Harlan.

"Marjorie Lentz ló ní kí n wá," ni Duane ń wí, ọ̀rọ̀ ti wá ń dùn lẹ́nu rẹ̀. "Ó ní ẹ̀yin lẹ bá Orville ọkọ òun rí èyí tó kù fún un nínú gbogbo irú sẹ́ǹtì tó ń wá, kó tó kú. Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé tó bá jẹ́ irú ìyẹn lèyí, a ò ní ta oko bàbá mi mọ́."

"Orville!" Ojú Harlan rọ̀. "Ibi tẹ́ ẹ jókòó sí yẹn ló ti sunkún bí ọmọdé. Ó ní, 'Harlan, mo ti parí.' Kò sí èyí tó ṣẹ́ kù tó ń wá mọ́." Ó nawọ́ sẹ́yìn. "Ruthanne, mú àpòòwé kékeré kan wá fún mi, kí n kọ ọ́ sí i."

Àpòòwé yẹn ló ba Ruthanne lẹ́rù. Ẹyin lohùn, ṣùgbọ́n ti Harlan tún le ju ẹyin lọ, nítorí yíǹkì ni. Bó bá ti kọ irú owó náà sí àpòòwé tó sì fọwọ́ sí i, Duane á gbé e lọ sí ibi gbàǹjo, àwọn tó wà níbẹ̀ á tẹ awò mọ́ ọn, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn, ta ni yóò tún sọ pé Harlan ti rí i?

Kò mú àpòòwé wá. "Dádì, ẹ jẹ́ ká tún un wò."

"Ká tún kí ni wò?"

"Ìlà yẹn."

"Mo ti wò ó."

"Mo mọ̀. Ẹ kàn tún un wò."

Harlan yíjú sí àlejò. "Ẹ má bínú o, Ọ̀gbẹ́ni Kessler. Ọmọ mi yìí rò pé òun ló bí mi."

Duane nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ruthanne ti ń wo iná orí tábìlì. Ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ̀ ló wà. Láti kékeré rẹ̀, ọwọ́ òsì ni iná yẹn máa ń wà, ibẹ̀ náà ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá nínú gbogbo àwòrán owó inú ìwé wa. Nígbà ìkórè tí ojú òsì bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, tí ìmọ́lẹ̀ ń ta á, ló ní kí wọ́n gbé e sí ọ̀tún. Òun Ruthanne gan-an ló bá a gbé e. Iná ti kúrò lósì, ọkàn bàbá rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀: ibi tí òjìji bá ṣú sí, ó ṣì ń kà á bí ti àtijọ́, èyí tó jìn á wá dà bí èyí tó yọ. Lára owó tó mọ́, imú obìnrin náà á ta á lólobó pé ó ń kà á sódì. Lára owó tó gbó, kò sí imú.

Àánú bàbá rẹ̀ ṣe é débi pé ó fẹ́ dákẹ́. Síbẹ̀ ó gbé àwo páì kalẹ̀, ó na ọwọ́ kọjá èjìká bàbá rẹ̀, ó sì gbé iná náà sí òsì.

"Kí lò ń ṣe? Ó ń ta mí lójú! Gbé e padà!"

"Ẹ fara dà á díẹ̀, Dádì. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ lóhun tí mo kọ́ ẹ?"

"Ẹ kàn wò ó."

Omi ń jáde lójú Harlan, Ruthanne kò mọ̀ bóyá ti ìmọ́lẹ̀ ni tàbí ti ìbínú. Ó tẹ awò mọ́ owó náà. Lẹ́yìn náà ó mú igi ìtayín kan, irú èyí tí a fi ń yọ ìdọ̀tí lára bàbà kí irin má bàa pa á lára. Ó di ojú méjèèjì, ó sì rọra wọ́ igi náà kọjá lórí owó. Igi náà há. Ó tún un wọ́. Ó tún há, sínú ihò tín-ín-rín kan.

Ó gbé igi náà kalẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni Kessler, mo ṣì í wò. Nǹkan ló ha owó yín. Sẹ́ǹtì bí sẹ́ǹtì ni."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé..."

"Mo mọ ohun tí mo sọ. Ẹ forí jì mí."

"Kí ni n ó sọ fún ìyàwó mi báyìí?" Duane dìde, ojú rẹ̀ pọ́n. "Èèyàn máa ń wò ó dáadáa kó tó la ẹnu o, bàbá!" Ó sọ sẹ́ǹtì náà sápò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì jáde sínú yìnyín láì pa ilẹ̀kùn dé.

Ruthanne lọ pa á dé. Nígbà tó padà, bàbá rẹ̀ ṣì jókòó síbẹ̀, ó ń wo iná náà.

"Ìgbà wo la gbé iná yìí sí ọ̀tún?"

"Nígbà ìkórè."

"Kí Orville tó wá?"

Ruthanne ti mọ̀ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ń lọ. "Dádì, Orville ti sinmi. Tayọ̀tayọ̀ ló lọ. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

"Ṣé kí n tó gbé iná ni Orville wá, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

"Lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ lè jẹ́ òótọ́."

"Ó lè jẹ́ òótọ́, ó lè jẹ́ irọ́. Mi ò mọ èyí tó jẹ́, Ruthanne, mo sì ti fọwọ́ sí i." Ó fa fóònù mọ́ra, ó wò ó, ó sì tì í sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. "Bá mi pe Marjorie."

Ó pè é. Kò pẹ́ tí ohùn obìnrin náà fi gba gbogbo yàrá.

"Harlan! Ṣé Duane dé ọ̀dọ̀ ẹ? Ṣé òun ni?"

"Ó dé. Kì í ṣe òun." "Marjorie, a fẹ́ wá sílé yín lọ́la, ká wo àpótí owó Orville."

"Ẹ máa bọ̀ jàre, mo máa se ọbẹ̀. Ṣé kò sí nǹkan ṣá?"

"Ó ṣeé ṣe kí nǹkan wà," ni Harlan wí. "Ruthanne ló máa wò ó. Èmi máa kàn jókòó tì ẹ́ ni."