Bóòtù Mẹ́ta Tí Ọ̀gá Bà Jẹ́

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì náà, torí kò sí mọ́tò tó lè kó o láyà jẹ débi tí yóò fi kánjú. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, eré ló sá jáde nígbà tó rí ẹni tó wọlé. Nọ́ọ̀sì kan ló wa mọ́tò rẹ̀ wọlé, bàbá rẹ̀ sì jókòó tì í. Bàbá yìí ló kọ́ Jẹ́jẹ́ níṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá mi!"

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ilé ńkọ́?" Bàbá dáhùn, ṣùgbọ́n ògiri ló kọjú sí.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo táyà iwájú yìí. Ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe."

Jẹ́jẹ́ fi jáàkì gbé e, ó tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀. Nínú bóòtù márùn-ún tó di táyà mú, mẹ́ta ni tẹ́ẹ̀dì wọn, ìyẹn àwọn ìlà tí nọ́ọ̀tì ń gbà wọlé, ti fọ́. Ẹnì kan ti fi nọ́ọ̀tì sẹ́nu wọn ní wíwọ́, ó wá fi sípánà fipá tì í.

"Àǹtí, ká ní ẹ sáré lórí èyí, táyà yín ì bá ti ṣáájú yín dé ibi iṣẹ́."

"Irú iṣẹ́kíṣẹ́ wo nìyí? Bàbá, ta lẹ pè tó bá wa pààrọ̀ táyà?"

Jẹ́jẹ́ wo ẹyinjú ọ̀gá rẹ̀ dáadáa, ó rí i pé ó ti funfun bí ẹni pé èéfín bò ó. Àánú ṣe é. Ó ní, "Bóyá nọ́ọ̀tì ló ti gbó—"

"Má purọ́ nítorí mi," bàbá já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Èmi ni. Mi ò rí ẹnu bóòtù mọ́. Ó ti tó ọdún kan. Mo bẹ̀rù pé wọ́n á ní kí n lọ jókòó kalẹ̀, kí n má fọwọ́ kan irinṣẹ́ mọ́."

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ẹnu. "Èmi tí mò ń kán oògùn sójú ọmọ ọlọ́mọ láti àárọ̀ dalẹ́!" Omi lé ròrò sójú rẹ̀, ó sì di bàbá rẹ̀ lápá mú.

Jẹ́jẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ bóòtù, ó ta ọ́ìlì sí i, ó mú dáì, irin róbótó tó léyín nínú tí wọ́n fi ń tún tẹ́ẹ̀dì gbẹ́, ó sì gbé e lé ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ bá mi fọwọ́ wo bóòtù wọ̀nyí ná."

Ìka bàbá rìn lórí wọn díẹ̀díẹ̀. "Èyí ṣeé tún ṣe. Èyí náà. Ẹ̀kẹta ti kú, yọ ọ́ kúrò, fi tuntun sí i."

Bàbá fúnra rẹ̀ ló yí dáì náà. Bó bá yí i síwájú díẹ̀, á dá a padà kí èérún irin lè bọ́. Nígbà tí wọ́n parí, ìka lásán ni Jẹ́jẹ́ fi yí gbogbo nọ́ọ̀tì wọlé dé ìdí kó tó mú sípánà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, dókítà ní ojú ọ̀tún á gba iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n tòsì ti lọ. Bàbá sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní kí ọmọ òun máa gbé òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù Jẹ́jẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, torí bóòtù tí kò dára kò lè fara pamọ́ fún ìka òun.